Owó Wening Tó Wà Nínú Òpó Ọparun

"Ẹ rọra o, Bàbá! Ẹ má gé owó mi sí méjì!"

Wening ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ọparun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná mú, bàbá rẹ̀, Sugeng, sì ń fi ayùn gé e díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ilé ló dúró tì wọ́n. Lastri, ìyá rẹ̀, tó ń din tata tà lẹ́bàá títì, ti pa iná rẹ̀ kó lè wá wò ó. Ratmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fara ti ògiri. Mbah Painem, ìyá àgbà, jókòó sórí àpótí bí alága ìpàdé.

Ọdún méjì gbáko ni Wening ti ń ju owó sínú òpó yẹn. Ní abúlé wa ní Gunungkidul, kóló àwọn baba ńlá wa nìyẹn. Wọ́n á lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó ọparun ilé, wọ́n á sì máa ju owó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó o, àfi kó gé òpó. Ta ni yóò gé òpó ilé rẹ̀ nítorí ìpanu?

Wening mọ iye tó wà níbẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ju owó sí i, ó máa ń fi èédú fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, àwọn ìlà rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin rúpíà. Iye owó ewúrẹ́ kan ni.

Kì í sì í ṣe ewúrẹ́ kan ṣáá. Menur lorúkọ rẹ̀. Pakde Karso, aládùúgbò wọn, ló ni ín, bàbá Wening ló sì ń bá a sin ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa: ọmọ tí ìyá ewúrẹ́ bá kọ́kọ́ bí, ti olówó ẹran ni, èyí tó bá tẹ̀ lé e, ti ẹni tó ń sìn ín. Menur ni àkọ́bí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Wening ló ń gé ewéko fún un. Ní báyìí, òrùlé Pakde ti ń jò, ó sì fẹ́ ta Menur.

Ó ti pe ọmọ náà, ó ní, "Títí di ọjọ́ ọjà Pahing, ìwọ ni mo fi í pamọ́ fún. Tí o ò bá gbé owó dé, alájàpá ẹran á mú un lọ."

Ọjọ́ Ẹtì ni Pahing, tó máa ń yí po ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, bọ́ sí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Ayùn gé e já. Sugeng dojú ọparun náà dé sórí ẹní.

Owó wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ tú jáde, ó ń dún ṣaworo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyẹ̀fun dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni bébà jákujàku, tí ihò ti lu káàkiri. Ikán funfun mẹ́ta ń rákò lójú owó ẹlẹ́gbẹ̀rún-márùn-ún kan, wọn kò tilẹ̀ kánjú.

Ratmi ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ó dáa náà. Èmi, mo fẹnu ara mi jẹ tèmi. Ìwọ, ikán ló bá ọ jẹ tìẹ."

"Ratmi! Pa ẹnu ẹ dé!"

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni, Màámi? Ìgbà gbogbo tí mo bá ra ọbẹ̀ ẹran lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ẹ̀ ń sọ pé kí n wo àbúrò mi. Ó dáa, mo ti wò ó."

Wening kò sunkún. Ohun tó ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó kàn tẹjú mọ́ ẹní yẹn, ó dìde, ó lọ fún Menur lóúnjẹ, kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Èmi ni mo fi òpó hàn án," ni Mbah Painem ń sọ ní tirẹ̀. "Èmi náà ni. Inú òpó ilé bàbá mi ni mo tọ́jú owó sí títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ikán kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ rí!"

Lọ́jọ́ kejì, Wening ti ilé ìwé dé, ètè rẹ̀ pupa fún omi dídùn oníyìnyín. Lójoojúmọ́, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n ń fún un láti fi jẹun lọ́sàn-án, kì í sì í ná ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ.

"Èyí tó kù dà?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò kù."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Màámi, ohun tó bá ti wọ ikùn, ikán ò lè bá a níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Lastri ju owó tó bàjẹ́ lọ. Owó á tún wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pinnu pé aláìgbọ́n ló ń tọ́jú owó, báwo lèèyàn ṣe ń dá irú rẹ̀ padà?

Sugeng ti rò ó ní tirẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń tẹ fóònù.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Àwọn ayánilówó orí fóònù yìí ò béèrè ju káàdì ìdánimọ̀ lọ. Wọ́n á yá mi lówó, màá fi ra ewúrẹ́ náà, màá sì sọ fún ọmọ yẹn pé owó rẹ̀ pé."

"Èlé ńkọ́?"

"A ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ojú ọmọ mi ni mi ò lè wò mọ́, ìyá Ratmi."

Lastri padà sídìí ààrò rẹ̀, ó gbé ìkólẹ̀ tí ó gbá gbogbo bébà jákujàku yẹn sí, ó fẹ́ dà á síná. Bí ọ̀kadà kan ṣe ya wọ àgbàlá nìyẹn.

Bulik Marsini ni, àbúrò Lastri; Bulik ni à ń pe àbúrò ìyá ẹni. Nílé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ìlú Wonosari ló ń ṣiṣẹ́. Owó kíkà niṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Lastri ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un lórí fóònù lálẹ́ àná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ dà síná yẹn?"

"Ìdọ̀tí owó Wening ni."

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ gbé e sílẹ̀ kíá! Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn pàápàá kàn án!"

Kò tíì bọ́ akoto orí rẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó da gbogbo rẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tú wọn wò.

"Wening, wá síbí. Ta ló ni owó yìí?"

"Èmi ni. Tẹ́lẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ó ṣì jẹ́ tìẹ. Gbọ́ mi dáadáa. Bí owó bébà bá bàjẹ́, báńkì àgbà orílẹ̀-èdè wa máa ń gbà á, wọ́n á sì fún ọ ní odindi. Àmọ́ ohun tó kù lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè rí i pé owó gidi ni. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ju ìdá méjì lọ?"

Inú Bulik dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó gé páálí kan bí owó ṣe tóbi, ó fa ìlà méjì sí i, ó di ọ̀nà mẹ́ta. "Gbé owó lé e. Tí ohun tó kù bá kún ọ̀nà méjì, tó tún yọ sí ẹ̀kẹta, fi í sápá ọ̀tún. Tí kò bá yọ, apá òsì."

Wening gbé àkọ́kọ́ lé e. Ọ̀tún. Èkejì, ọ̀tún. Ẹ̀kẹta, òsì. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Èyí tó já sí méjì ńkọ́?" Ratmi ló béèrè. Ó ti ń yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tipẹ́.

"Ibi méjì ni wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára owó kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà sì ni. Tó o bá rí abala méjì tí nọ́ńbà wọn pé, tí wọ́n sì bára mu, wọ́n á gbà á. Tó bá ti já sí mẹ́ta, ó tán."

Ratmi jókòó. Ó ní kí òun kàn wò ó díẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, òun ló ń pariwo jù.

"Ó parí sí mẹ́jọ-òdo-mẹ́rin! Ta ló rí mẹ́jọ-òdo-mẹ́rin? Wening, ìdí rẹ lo fi jókòó lé e, dìde!"

Sugeng náà gbé sẹ́lótéèpù wá kó lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Ẹ dá a padà, Bàbá Ratmi," ni Bulik sọ. "Wọn kì í fẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́. Ká kàn tò wọ́n ní iye-iye, kí ojú gbogbo wọn kọ síbì kan náà."

Mbah Painem ti ń wò wọ́n láti orí àpótí rẹ̀. Ó wú ikọ́.

"Marsini, ohun tí ò ń sọ ni pé òmùgọ̀ ni àwọn bàbá wa tó ń tọ́jú owó sínú òpó?"

Bulik sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mbah. Owó tí ẹ̀yin ń jù sínú òpó nígbà náà, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Irin ni. Kí ni wọn ì bá tún fi ṣe é?"

"Ẹ wo owó wẹ́wẹ́ Wening. Ṣé ikán fọwọ́ kan ọ̀kan níbẹ̀?"

Ìyá àgbà mú ẹyọ kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọgbọ́n yín kò ṣẹ̀," ni Bulik sọ. "Ọgbọ́n náà ló kọ́ ọmọ yìí ní sùúrù ọdún méjì. Owó ló yí padà, tí kóló kò sì bá a yí."

Mbah Painem bú sẹ́rìn-ín. "Ikán ìgbà tiwa náà ì bá jẹ ẹ́. Eyín ni kò ní."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, Bulik bá Sugeng lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Ratmi, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn fún mi."

"Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi pàdánù ewúrẹ́ rẹ̀ ni?"

"Ikán ti jẹ owó ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yáwó yẹn, ikán tí yóò máa jẹ ẹ́ lóṣooṣù ni, ìyẹn kì í sì í yó. Mo ń rí àwọn tó ń yá a níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n á yá ẹgbẹ̀rún díẹ̀, wọ́n á tún yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Àti pé ẹ fẹ́ sọ fún un pé owó rẹ̀ pé. Ọmọ tó ti ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọdún méjì! Ẹ rò pé kò ní mọ̀?"

Sugeng wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó sọnù," ni Bulik ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó kù. Kó wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Òun ló ni ín."

Ọjọ́bọ̀ ni Wening àti bàbá rẹ̀ lọ sí báńkì àgbà ní ìlú Jogja. Bulik ti forúkọ wọn sílẹ̀ lórí fóònù ṣáájú, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń gba owó tó bàjẹ́. Obìnrin kan ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Ó wo àpò ike náà, ó wo Sugeng.

"Ta ló ni owó yìí, sà?"

Sugeng la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó rọra ti ọmọ rẹ̀ síwájú.

"Èmi ni, mà," ni Wening sọ.

Láti ìgbà yẹn, obìnrin náà kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó gbà, ó fi han Wening. Èyí tí kò gbà, ó fi han Wening, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó parí, owó tuntun tó lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́ tó wà nílé, jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni ikán jẹ gbé.

"Ṣé o ní ìbéèrè?"

"Ṣé kò sí ikán níbí, mà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà nídìí gíláàsì kejì fi yíjú wò ó. "Ibi tí a ń kówó sí, ọmọ mi, ikán tó bá débẹ̀, ebi ni yóò pa á kú."

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì, Wening fa Menur lọ sí ọjà Pahing. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Pakde Karso ti wà níbẹ̀, ó dúró ti alájàpá ẹran kan, ọkùnrin abikùn ńlá tó fi sìgá kretek há etí bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù há a.

"Ó pé?" ni Pakde béèrè.

"Kò pé, Pakde."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òpó títí dé orí gíláàsì báńkì. Kò bu iyọ̀ sí i.

"Pẹ̀lẹ́," ni alájàpá sọ, ó ti na ọwọ́ sí okùn ọrùn Menur. "Èmi, owó tèmi pé. Ẹ̀rọ̀ ọkàn ni kéèyàn lówó tó pé."

Sugeng ki ọwọ́ bọ àpò, ibi tí fóònù rẹ̀ wà. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fà á yọ.

"Ẹ dákun, Pakde," ni Wening sọ. Ó na owó náà sí i. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta rèé. Mi ò ní kí ẹ dín owó kù. Igba tó kù, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú bàbá mi. Ọmọ tí Menur bá kọ́kọ́ bí, tiyín ni. Èmi ni n ó gé ewéko fún un títí á fi já lẹ́nu ọmú, n ó sì fà á wá fún yín."

"Ẹ wò ó!" ni alájàpá kígbe. "Ó ń ta ẹran tí wọn ò tíì bí!"

"Dákẹ́ ná," ni Pakde dá a lóhùn. Ó wo ọmọ náà. "Tí Menur bá kú kó tó bí ńkọ́?"

"N ó san igba náà nínú owó tí mo bá tọ́jú."

"Owó wo? Ratmi ló sọ fún mi pé o ti ní o ò tọ́jú owó mọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ lo fi ń mu omi dídùn."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni, Pakde. Mo ti bẹ̀rẹ̀ padà láti Ọjọ́rú."

Àwọn èèyàn ti ń sún mọ́ wọn. Pakde Karso fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó wo ojú ọ̀run tí kò ní kùrukùru kankan. Ẹgbẹ̀ta yẹn á ra páánù, òjò sì di oṣù mẹ́ta sí i.

"Ìbéèrè kan ló kù. Tó bá bí ìbejì ńkọ́?"

Wening kò ronú rárá. "Ọ̀kan ni tiyín, Pakde. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde."

Ẹ̀rín ta. Alájàpá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó jọ̀wọ́ okùn Menur, ó ní, "Ẹ gbà á o. Tí ọmọ yìí bá dàgbà, ebi ni yóò fi pa àwa."

Pakde na ọwọ́ sí i, bí àgbà ṣe ń na ọwọ́ sí àgbà, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Sugeng yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ó fi nu ojú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bulik Marsini mú Wening àti ìyá rẹ̀ lọ sí báńkì kan ní Wonosari, ó ṣí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ náà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún rúpíà ni wọ́n fi ṣí i, ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé. Ratmi bá wọn lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibẹ̀ ni. Àkáǹtì méjì ni wọ́n ṣí kí wọ́n tó padà wálé.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń tọ́jú owó ń ṣe ohun tó le fún ọ̀pọ̀ àgbà. Ẹ má jẹ́ kí ó dá nìkan ṣe é. Kóló dára fún ọmọ kékeré, kó lè máa rí i, kó lè máa gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ máa ṣí i lóṣooṣù, kí ẹ jọ ka ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ti kúrò ní owó wẹ́wẹ́, ẹ gbé e lọ sí báńkì ní orúkọ ọmọ náà. Iye tí wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì kéré gan-an, kò sì sí ọmọ tó kéré jù fún un. Bí ikán, omi tàbí eku bá ba owó jẹ́, ẹ má sun ún, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ kó o jọ pẹ̀sẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ báńkì àgbà ohun tó ṣeé pààrọ̀ níbẹ̀.

Bí ọmọ bá pàdánù owó, ẹ má yá owó láti fi bo àdánù náà. Ẹ má sì pa irọ́ fún un. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó mọ iye tó lọ, kí ẹ wá bi í pé: "Kí lo fẹ́ ká ṣe sí èyí tó kù?" Kí ẹ tó fèsì, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ọmọ náà yóò sọ máa ń dára ju ohun tí ẹ̀yin ti ní lọ́kàn lọ.

Lónìí, kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta: èló lo ní, ibo ló wà, kí lo fẹ́ fi ṣe? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ojú yín, ẹ kú iṣẹ́. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí àkọ́kọ́.